Ìrọ̀rí Afárá Lábẹ́ Odó Ìyá Mi

Ìyá mi kò lè gún iyán ní bòókẹ́lẹ́. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìdànrè, bí ọmọ odó bá ti dún gbì lẹ́ẹ̀kan, àpáta á gbà á, á tún un dún, odó kan á sì di méjì. Kò sẹ́ni tó ń gbé àdúgbò tí kò mọ ọjọ́ tí à ń jẹ iyán, ojoojúmọ́ la sì ń jẹ ẹ́. Kí ìyá mi tó kó iyán sínú abọ́, ẹsẹ̀ ti ń dún ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á ní bàbá mi lòun wá kí. Ẹnì kejì á ní òun wá wò ó bóyá òun gbàgbé agboòrùn òun sọ́dọ̀ wa lánàá, nígbà tí òjò kò tíì rọ̀ láti oṣù mẹ́ta. Bàbá mi á ní, “Ẹ wáá jẹun.” Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni gbólóhùn yẹn, gbogbo wa la mọ̀ pé èsì rẹ̀ ni “Á gba ibi ire o,” kí èèyàn sì jókòó jẹ́ẹ́. Àwọn àlejò tiwa kì í dáhùn. Wọ́n á kàn béèrè omi tí wọn ó fi ṣan ọwọ́. Màmá Òkè, tó bí bàbá mi, máa ń wò wọ́n láti orí àpótí rẹ̀, á ní, “Ilé tó ní odó kò lè ní àṣírí.” Ìyá mi á kàn máa kó iyán sínú abọ́. Òun ló ń gún un.

Màmá Òkè la ń pè é nítorí pé orí Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí i sí, kí àwọn èèyàn tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ̀dó sísàlẹ̀. Ó máa ń sọ pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọn òun sọ̀kalẹ̀, pé òun kò bá wọn fọwọ́ sí i. Ìjìnlẹ̀ ẹ̀ka èdè Ìdànrè ló ń sọ, uyán ló ń pe iyán títí tó fi kú. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí bó ṣe sọ ọ́ gan-an, àwọn ọmọ mi kò ní lè kà á, nítorí náà mo ti tún un ṣe díẹ̀, kò sì sí nílé láti bínú sí mi. Bàbá mi ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní àga ìrọ̀gbọ̀kú kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀, onígi tí wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé sí, ẹnikẹ́ni kì í jókòó lórí rẹ̀. Ológbò wa gan-an mọ̀. Ọdún tí mò ń sọ yìí, èmi tí wọ́n ń pè ní Fúnmi kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, bàbá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sítọ́kípà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá sórí odò kan lójú ọ̀nà Atòsin.

Pákó ni afárá àtijọ́. Òjò ọdún tó ṣáájú ló gbé e lọ, kòkó àwọn èèyàn sì há sí òdìkejì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé kòkó wálé á rù ú la inú omi kọjá, tó bá sì ṣubú, kòkó á lọ, òun á wálé. Torí náà gbogbo ìlú ló ń ka ọjọ́, wọ́n fẹ́ kí afárá tuntun wà lórí odò kí òjò tó dé. Bàbá mi ló mú kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ dání. Sìmẹ́ńtì, irin, ìṣó, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń rìn nígboro bí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ìlú dání. N kò fi ṣẹ̀sín. Inú mi dùn sí i nígbà yẹn, inú mi ṣì ń dùn sí i.

Ẹnjinía tó ń ṣe iṣẹ́ náà wá gba yàrá ìta nílé wa. Rájí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ẹ̀kọ́ débi pé ó ń dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Òkè láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti nígbà tó bá ti ilé ìwẹ̀ dé. Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ dé, ó fẹjọ́ sun ìyá mi tẹ̀ríntẹ̀rín pé bí wọ́n bá ń gún iyán, ṣíbí inú kọ́ọ̀pù tíì òun máa ń jó. Ìyá mi ní kó yọ ṣíbí kúrò.

Ẹnjinía yìí ló ṣàlàyé fún wa bí wọ́n ṣe ń kọ́ afárá ayé òde òní. Ó ní wọn kì í to pákó sórí omi mọ́ láti máa da kọnkéré sí i. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe egungun ẹ̀yìn afárá, ìyẹn bíìmù, ní ẹ̀bá odò. Bó bá gbó tán, ọkọ̀ kéréènì á wá gbé e, á tẹ́ ẹ sórí òpó. Màmá Òkè fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, “Orí ilẹ̀ lẹ ti ń kọ́ afárá.” Ẹnjinía ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Màmá ní, “Bẹ́ẹ bá kọ́ ọ tán, ta ni yóò gbé odò wá síbẹ̀?” Ẹnjinía tún un ṣàlàyé. Ó ní wáyà irin wà nínú bíìmù náà, pé wọ́n máa fi ẹ̀rọ fà á le gbagidi, wọ́n á sì dè é mọ́ra, kí bíìmù má baà tẹ̀ bí ọkọ̀ bá gun orí rẹ̀. Màmá ní èyí yé òun, pé ọ̀já ni, pé òun náà di ọ̀já mọ́ inú lẹ́yìn ọmọ méje, òun kò sì tẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ẹnjinía ti ń bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nínú ọlidé, Màmá Òkè ní kí n sin òun lọ wo afárá. Bàbá mi ti lọ kó ìṣó wá láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ Ẹnjinía ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ó mú wa wo bíìmù mẹ́rin tí wọ́n dùbúlẹ̀ lẹ́bàá odò, ó mú wa wọ sítọ́ọ̀, ó sì fi ohun mẹ́jọ kan hàn wá tí wọ́n tò sórí ara wọn. Rọ́bà dúdú ni, ó nípọn, ó tóbi tó orí àpótí ìjókòó. Ó ní irin pẹlẹbẹ bí ìwé wà nínú rẹ̀, rọ́bà lókè, irin láàárín, rọ́bà nísàlẹ̀. Ó ní kọnkéré máa ń na ara lójú oòrùn, á sì súnkì nígbà ọyẹ́, pé bí èèyàn bá gbé e lé orí òpó lásán, yóò máa ha ara mọ́ òpó títí ọ̀kan á fi là. Màmá béèrè pé kí ni wọ́n ń pe nǹkan ọ̀hún. Kó lè tètè yé e, Ẹnjinía ní, “Ìrọ̀rí ni, mà. Ìrọ̀rí afárá. Orí rẹ̀ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.” Màmá tẹ ọ̀kan wò. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a, kò dún. Ó tún gbá a. Ó ní, “Ìrọ̀rí yìí mà dára o.” Ẹnjinía tẹrí ba, ó ní, “Tiyín ni, mà.” Wọ́n pè é níta pé kọnkéré ti dé, ó sì sáré jáde. Màmá Òkè wò mí. Ó ní, “Fúnmi, mú òṣùká.”

Mo rù ú wálé. Ó wúwo, ọrùn mi sì mọ̀. Kò sí ohun tí mo rò nípa rẹ̀, nítorí pé wọ́n fi fún wa lójú mi. Màmá ní kí ìyá mi gbé odó kúrò, ó wa ilẹ̀ ilé ìdáná díẹ̀, ó tẹ́ ìrọ̀rí sínú rẹ̀, ó fi àpò kòkó bò ó, ó sì ní kí wọ́n gbé odó lé e. Ìyá mi gún iyán lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohùn tó jáde kò ju ti ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ. Àpáta kò dáhùn. A jókòó, a jẹun, àwa ará ilé nìkan, ẹran sì kárí. Ìyá mi ń wo ọ̀nà títí a fi jẹun tán, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Láti ọjọ́ náà, fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, à ń jẹ iyán lójoojúmọ́ bí ẹni tó jí i gún. Àwọn kan ládùúgbò ti ń káàánú wa pé bóyá nǹkan ò rọgbọ.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ to àwọn ìrọ̀rí afárá sórí òpó ni bàbá mi ṣí sítọ́ọ̀, tó ka méje. Ó tún un kà. Ó ti fọwọ́ sí ìwé pé mẹ́jọ ló wà, kò sì tún un kà lọ́jọ́ tó ti Àkúrẹ́ dé, nítorí pé ó kà á láàárọ̀ ọjọ́ náà kó tó lọ. Ọ̀gá Àgbà tó ń darí iṣẹ́ náà wá láti Èkó. Ó ní ìlú òkèèrè ni wọ́n ti ń ṣe nǹkan náà, pé òjò á ti kún odò kí òmíràn tó dé. Ọkọ̀ kéréènì ti gbéra, ó ti wà ní Òfóṣù, ọjọ́ Ajé ni yóò dé, kò sì ní dúró. Ó ní bí ẹ̀kẹjọ kò bá yọjú títí di ọjọ́ Ajé, sítọ́kípà á lọ ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ọlọ́pàá.

Bàbá mi wálé, ó jókòó lórí àga rẹ̀, ó pe gbogbo wa. Ó ní, “Bíárìn kan ti sọnù ní sítọ́ọ̀.” Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí ti mọ ibi tó wà. Àwa kò mọ̀, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ló sì fà á. Bíárìn ni orúkọ tí wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ní Ìdànrè, irin róbótó inú táyà ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn mọ̀ sí bíárìn, èyí tó ní àwọn ọmọ irin tó ń yí nínú, tí àwọn ọmọkùnrin fi ń ṣe kẹ̀kẹ́. Ìyá mi búra pé òun kò rí bíárìn. Màmá Òkè ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò fọwọ́ kan bíárìn rí. Èmi gan-an sáré wá a kiri àdúgbò, mo sì kó bíárìn mẹ́ta wálé, gbogbo wọn ti dípẹtà. Bàbá mi wò wọ́n, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì sọ pé irú rẹ̀ kọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í wọ ilé ìdáná, ọkùnrin kì í wọ̀ ọ́ nílé wa, ibi tí oúnjẹ bá ti jáde ló ti ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo bá rántí pé ó ń jẹ iyán orí ohun tó ń wá, tó sì ń sọ pé kò lọ lọ́fun òun, inú mi kì í dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a jókòó síbi tí à ń jókòó sí, àwọn tó máa ń jókòó tì wá sì rí ibòmíràn jókòó. Bàbá mi kọ orin gbogbo tí wọ́n dá. Nígbà tí a délé, ìyá mi wọ ilé ìdáná, ó ń gún iyán bí ẹni pé iṣu ló jalè. Ẹnjinía wà ní yàrá rẹ̀, ó ń kọ ìwé tí Ọ̀gá Àgbà ní kó kọ, pé ọwọ́ sítọ́kípà ni nǹkan ti sọnù. Kò fẹ́ kọ ọ́, ó sọ fún wa lẹ́yìn náà. Ó ti kọ ìlà méjì, ó gbójú sókè, ó rí kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀. Ó rí apá ìyá mi lójú fèrèsé, tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, tagbáratagbára. Ṣíbí inú kọ́ọ̀pù kò mira.

Ó dìde, ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó wọ ilé ìdáná. Ìyá mi dá ọmọ odó dúró sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí lẹ gbé odó yìí lé?”

“Ìrọ̀rí ni,” ìyá mi wí. “Ti Màmá ni.”

Ẹnjinía dọ̀bálẹ̀, ó ká àpò kòkó sókè, ó sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ débi pé ìyá mi ní kó dìde, pé ìkíni náà ti tó. Ó pe bàbá mi, èmi àti Màmá Òkè sì tẹ̀lé e. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó wo ohun tó wà nílẹ̀, ó wo ìyá mi, ó wo ìyá rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Nínú ilé mi,” ó sì fọwọ́ bo ojú. N kò rí omijé rẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ojú tì í ju ti ẹni tí wọ́n ká ohun tó jí mọ́ lọ́wọ́ lọ.

Màmá Òkè ní, “Kí ló ń pa yín lẹ́kún? Ẹnjinía ló fún mi.”

“Èmi kọ́, mà,” Ẹnjinía wí.

“Ìwọ ni. Mo ní ìrọ̀rí yìí dára. O ní tèmi ni. Fúnmi wà níbẹ̀.”

Gbogbo wọn wò mí. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní, ‘Tiyín ni, mà.’”

Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà padà sí Ẹnjinía lórí. Ta ló ń rántí irú rẹ̀? Èèyàn á yin bàtà ẹni, a ó ní tiyín ni. Á yin ọmọ ẹni, a ó ní tiyín ni. Kò sẹ́ni tó ń gbé ọmọ lọ. Ó ní, “Màmá, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.”

“Ọ̀rọ̀ ẹnu,” Màmá wí. “Èyí tó jẹ́ òótọ́, ṣé imú lẹ fi ń sọ ọ́?”

Mo ti rò ó títí. N kò gbà pé Màmá Òkè kò mọ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń wo àwọn èèyàn tí wọ́n ń sọ “Ẹ wáá jẹun” di oúnjẹ. Mo rò pé ó kàn rí i lọ́jọ́ náà pé ó ti kan òun.

Ẹnjinía fẹ́ fi ọkọ̀ gbé ìrọ̀rí náà padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kó tò ó sáàárín àwọn yòókù, kó ní wọ́n ṣì í kà ni. Bàbá mi kọ̀. Ó ní, “Ọ̀sán gangan ni wọ́n fi ojú olè wò mí. Ọ̀sán ni mo máa gbé e padà.” Ó gba òṣùká lọ́wọ́ mi. Bí a ṣe rìn gba àárín ìlú kọjá nìyẹn, nígbà tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì yòókù ń tú: bàbá mi nínú agbádá funfun, rọ́bà dúdú lórí rẹ̀, Ẹnjinía lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi lẹ́yìn, Màmá Òkè níwájú. Àwọn èèyàn ń kí wa pé ẹ kú ẹrù, wọ́n ń béèrè pé kí la rù. Màmá ń dá ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn lóhùn, kò yára. Ó ní, “Ìrọ̀rí mi ni. Afárá ni mo fẹ́ fi ta lọ́rẹ.”

Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá Àgbà kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sẹ́bàá odò. Kéréènì ti dé. Ó béèrè pé ta ló gbé ìrọ̀rí jáde. Bàbá mi ti ṣí fìlà, ó ti fẹ́ sọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé kò ní dárúkọ ìyá rẹ̀. Ẹnjinía jáde síwájú. Ó ní, “Èmi ni mo fi tọrẹ, sà.”

“Kí ló dé?”

“Màmá ní ó dára, sà. Mo ní tiyín ni.”

Ọmọ Yorùbá ni Ọ̀gá Àgbà. Ó wolẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣírò gbogbo nǹkan tí òun náà ti fi ẹnu fún èèyàn. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n da kọ́kọ́rọ́ padà fún sítọ́kípà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kéréènì gbé bíìmù àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, ó gbé e gba ojú òfuurufú, ó sọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi gúnlẹ̀ sórí ìrọ̀rí méjì. Màmá Òkè tẹ́tí. Ó ní, “Kò dún,” ó sì ní ká máa lọ sílé. Wọ́n fi ìwé pe Ẹnjinía lẹ́jọ́, wọ́n sì gbé e lọ síbòmíràn kí afárá tó parí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá lọ́jọ́ tó ń lọ, ó sì ṣọ́ ẹnu rẹ̀ dáadáa. Nílé, a gbé odó padà sórí ilẹ̀. Gbì kan péré, àpáta ti dáhùn. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ní, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rò pé ẹ ti kó lọ sí Àkúrẹ́ ni.”

Láti ìgbà náà, bàbá mi kò sọ “Tiyín ni” fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bí wọ́n bá yin fìlà rẹ̀, á ní, “Ẹ ṣé. Tèmi ni.” Bí wọ́n bá yin ilé rẹ̀, á ní, “Ẹ ṣé. Tèmi ni.” Ojú máa ń tì wá lóde. Nígbà tí ọkọ mi wá mọ ilé, tí ó yin èmi gan-an lójú bàbá mi, ohun tó gbọ́ nìyẹn, ó sì gba àwọn ẹbí rẹ̀ ní ọdún kan gbáko kí wọ́n tó yí bàbá mi lọ́kàn padà.

Ọdún tó kẹ́yìn ayé bàbá mi, mo máa ń wá wò ó láti Àkúrẹ́. Ìyá mi àti Màmá Òkè ti lọ, ẹ̀rọ ìgbàlódé ni wọ́n fi ń gúnyán fún un, ó ní ó jọ iyán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, mo bá a ní ọ̀ọ̀dẹ̀ lórí àga rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ àga náà lẹ́ẹ̀mẹta, igi rẹ̀ ṣì le. N kò ní ohun kan lọ́kàn, mo kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní, “Bàbá, àga yín yìí ṣì dára o.” Mo dúró de èsì tí mo ti mọ̀ látìgbà èwe. Ó wo apá àga náà ní ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó dì í mú, ó sì gbé ara rẹ̀ dìde pẹ̀lú ìnira. Ó ní, “Tìẹ ni.”

Mo gbé àga náà sínú ọkọ̀ mi lọ́jọ́ náà gan-an. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí títí mo fi gbé e lọ.